Ọjọ́ Tí Àdúgbò Wa Sẹ́ Kànga

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kí n fẹnu ara mi sọ bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara mi pe àkìtàn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, ó tọ́ sí mi.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé aṣọ kọ́tìnnì àti bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì ni mò ń tà ní ọjà Aswani. Òpópónà kan ní Ìsọlọ̀, ní apá ibi tó lọ sí Èjìgbò, ni mò ń gbé pẹ̀lú ìyá mi. Ìyá Ẹ̀bùn ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò. Akọ̀wé lórúkọ ni o, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tó ń lọ ní òpópónà wa tí kì í gba ẹnu mi kọjá!

Kànga kan wà ní àgbàlá wa. Màmá ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n lóyún mi, nítorí ó ti sú wọn láti máa ru omi tòun ti ikùn. Omi kànga yìí mọ́, ó sì tutù. Òun la fi ń sè, òun la fi ń fọ̀, òun náà ni Màmá ń mu. Wọ́n ní omi inú ọ̀rá ń rùn rọ́bà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ẹ ò sì lè sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ohun tó ń mu kò dáa.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Alága pe ìpàdé sí pálọ̀ wọn. Alága yìí ni olórí ẹgbẹ́ wa, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Títí di òní, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, á dà bíi pé wọ́n ń kéde pé bàálù fẹ́ gbéra. Wọ́n ní ẹnì kan láti Àjàó Estate ló ta àwọn lólobó pé àwọn kan ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ilé tó ní kànga. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, wọ́n á padà wá da kọnkéré sínú kànga náà, wọ́n á sì dí i pa.

Àyà gbogbo wa já! Kọnkéré kẹ̀? Nínú kànga Màmá?

Èmi ni mo dìde. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹlòmíì kọ́ o, èmi ni. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá, pé ṣebí ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n á dí. Ká bo gbogbo kànga, ká sì sẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, kànga kò sí! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi débi pé orí mi wú. Alága ní orí akọ̀wé àwọn pé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ rí ní òpópónà wa. Fọ́káníṣà iwájú ilé wa to táyà àlòkù lé orí tiẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nísàlẹ̀ òpópónà kó ìkòkò òdòdó lé tiwọn, ó tiẹ̀ wá lẹ́wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnì kan gbé ilé adìyẹ ka tiẹ̀ lórí. Èmi ní tèmi tẹ́ pátákó, mo da kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó dáa lé e, mo wá gbé àga sórí ẹ̀ fún Màmá láti máa jókòó gba atẹ́gùn.

Màmá kọ̀. Wọ́n ní àwọn ti ṣèrìbọmi, àwọn ò lè wá tìtorí omi parọ́. Mo ní ẹ ò ní parọ́ mà, ẹ kàn máa jókòó ni. Ṣé ìjókòó náà ti di irọ́ ni? Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ọgbọ́n mi ti ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ dáa.

Ọjọ́ kẹta sí ìgbà náà ni àwọn tí à ń sá fún dé. Wọ́n tó mẹ́rin. Wọ́n ń fi òòlù gbá irin wọlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n so wáyà mọ́ àwọn irin náà, wọ́n sì gbé bátìrì ọkọ̀ pẹ̀lú àpótí kékeré kan kalẹ̀. Ẹni tó ṣáájú wọn jẹ́ ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà òjò, tó dé fìlà gbàgẹ̀rẹ̀ kan tó fẹ̀ ju àtẹ ata lọ. Bùkọ́lá lórúkọ ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó sì kí Màmá. Lójú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ràn ọmọ náà. Síbẹ̀ mo purọ́ fún un!

Ó ní, “Ẹ kú àárọ̀ mà. Àyẹ̀wò omi abẹ́ ilẹ̀ la wá ṣe, nítorí iṣẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ ṣe lórí…”

Mo ní, “A ò ní kànga o!”

Ọmọ náà ò tíì béèrè! Ó ní ó dáa mà, bóhóòlù ńkọ́? Mo ní bóhóòlù kẹ̀, a ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó béèrè pé níbo wá la ti ń rí omi. Mo ní àwọn mẹ́rúwà tó ń fi ọmọlanke ta omi ló ń gbé e wá fún gbogbo àdúgbò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún gbìyànjú láti ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ká ní mo pa ẹnu mi dé fún ìṣẹ́jú kan péré, mi ò bá má ní ìtàn tí mò ń sọ fún yín lónìí.

Ó wá kọjú sí Màmá. Ó ní, “Màmá, ṣé kò sí kànga rárá lágbègbè yìí ni?”

Màmá la ẹnu. Mo rí i pé òótọ́ ló fẹ́ jáde. Kí n tó mọ̀, mo ti ké: “Ẹ má da ara yín láàmú, adití ni wọ́n! Wọn kì í gbọ́ nǹkan kan!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tí ìyá mi fi wò mí lọ́jọ́ náà, bó bá jẹ́ pàṣán ni, ǹ bá ṣì máa jà raburabu. Bùkọ́lá káàánú wọn. Ó rọra juwọ́ sí wọn, ó ń la ẹnu gbàgà láti fi kí wọn láìsí ohùn. Màmá jókòó sórí kànga wọn, wọ́n fún ẹnu pọ̀.

Oòrùn ti mú, mo sì jẹ́ ọmọ ilé're, mi ò lè jẹ́ kí àlejò lọ láìmu omi. Mo gbé omi tútù jáde láti inú fíríìjì. Omi wo? Omi kànga kẹ̀! Bùkọ́lá mu ife méjì. Ó ní omi yìí dùn mà, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ mẹ́rúwà yín. Mo ní màá jẹ́ ẹ fún un. Ó kọ̀wé díẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ọwọ́ ẹ̀, ó gba bíírò ẹ̀ padà lọ́wọ́ mi, wọ́n palẹ̀ wáyà wọn mọ́, wọ́n lọ.

Bí wọ́n ṣe lọ ni inú àdúgbò dùn. Alága ní òun ò rí irú akọ̀wé báyìí rí. Màmá nìkan ni kò yọ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò dá mi lóhùn. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á fọwọ́ bo etí, wọ́n á ní, “Ẹ̀n? Mi ò gbọ́. Ṣebí adití ni mí?” Bí mo bá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ, adití ni wọ́n. Bí mo bá sì ń bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí fóònù ní yàrá, wọ́n á dá sí i láti pálọ̀!

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Ìwé kan dé ọ̀dọ̀ Alága pé kí gbogbo ará àdúgbò wá sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan, wọ́n fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ oníyanrìn. Ní òkè òpópónà wa, níbi tí ilẹ̀ ti ga, kòtò ńlá kan wà tí àwọn oníyanrìn ti wa yanrìn nínú ẹ̀ títí tó fi sú wọn. Ibẹ̀ ni à ń pè ní ilẹ̀ oníyanrìn. Igbó ti bo gbogbo ẹ̀ tipẹ́.

Alága ní ọjà tuntun ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Inú mi dùn kọjá ààlà. Mo ti fọkàn yan ṣọ́ọ̀bù tèmi, ti iwájú pátápátá, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ò ní máa pa kọ́tìnnì mi láwọ̀ dà. Mo tilẹ̀ wọ aṣọ tó dáa lọ síbi ìpàdé náà. Màmá ní àwọn náà máa bá wa lọ. Wọ́n ti dárí jì mí díẹ̀ nígbà náà.

A dé gbọ̀ngàn. Bùkọ́lá wà níwájú, òun àti ọ̀gá ẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ dígí ojú. Ọ̀gá náà ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹnì kan ń túmọ̀. Ó ní àbá kan wà nílẹ̀ pé kí wọ́n sọ ilẹ̀ oníyanrìn di ibi tí wọ́n á máa kó ìdọ̀tí sí.

Ìdọ̀tí! Gbogbo ilé pariwo. Fọ́káníṣà dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ọ̀gá náà gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí a fara balẹ̀, pé wọ́n ti ṣe ìwádìí. Ó ṣí ojú ewé mìíràn. Ó ní àwọn èèyàn òun ti rìn yí gbogbo àdúgbò ká, wọn ò rí kànga, wọn ò rí bóhóòlù, mẹ́rúwà ló ń gbé omi wá fún wa láti ibòmíràn. Nítorí náà, bí omi ìdọ̀tí bá tilẹ̀ jò wọ inú ilẹ̀, kò sí ẹni tó máa mu ún. Ó ní èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí ibẹ̀ dáa ju àwọn ilẹ̀ yòókù tí wọ́n wò lọ.

Mẹ́rúwà! Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ni wọ́n ń kà fún mi nínú máìkì!

Olúkúlùkù ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Kò sí kọnkéré, kò sí ẹni tó fẹ́ dí kànga kankan. Wọ́n wá wo omi wa kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìdọ̀tí máa bà á jẹ́ ni, àwa sì gbé omi náà pamọ́ fún wọn. Ṣé ẹ ti rí irú ìyẹn rí?

Mo fẹ́ dìde. Alága di apá mi mú. Wọ́n rọra sọ sí mi létí pé bí a bá jẹ́wọ́ báyìí, òpùrọ́ ni wọ́n á kọ sórúkọ wa, wọn ò sì ní gba ohunkóhun mọ́ lẹ́nu wa. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo jókòó síbẹ̀ bí ère. Mò ń ro omi tí Màmá máa ń bù mu láàárọ̀ kí wọ́n tó gbàdúrà, ọkàn mi sì bà jẹ́.

Mo wá gbọ́ tí ọ̀pá ń kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò, kò, kò. Màmá ti dìde.

Wọ́n ní, “Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ kà.”

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbá irin wọlẹ̀ lọ́jọ́sí fò sókè. Ó kígbe pé, “Hàlélúyà! Màmá adití ti ń gbọ́ràn!” Àwọn kan tí ò mọ nǹkan kan lẹ́yìn dá a lóhùn ní àmín. Obìnrin kan ti fẹ́ dá orin!

Màmá ní kí wọ́n dákẹ́, pé àwọn ò dití rí láyé àwọn. Wọ́n ní, “Kànga mi wà. Kí n tó bí ọmọ tó jókòó yìí ni mo ti gbẹ́ ẹ. Orí ẹ̀ ni wọ́n gbé mi jókòó lé lọ́jọ́ tí ẹ wá. Omi inú ẹ̀ lẹ mu, ife méjì. Mò ń kà á.”

Bùkọ́lá wò mí. Kí ilẹ̀ lanu ni mò ń wá, ilẹ̀ ò sì lanu. Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Mo jáde síwájú, mo kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ tó dáa tí mo wọ̀, mo ní èmi ni mo purọ́, èmi náà ni mo kọ́ gbogbo àdúgbò. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọnkéré. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni fọ́káníṣà ní tòun náà wà, lábẹ́ táyà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní tàwọn wà lábẹ́ òdòdó. Ni kànga bá ń jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn.

Ọ̀gá Bùkọ́lá bọ́ dígí ojú ẹ̀. Ó béèrè pé báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé òní kọ́ la ń purọ́, nígbà tó jẹ́ pé a ti gbọ́ pé àkìtàn ń bọ̀? Ìbéèrè náà dáa. Bùkọ́lá ló gbà wá sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè láti padà wá wọn gbogbo ẹ̀. Ó ní ẹnu lè purọ́, ṣùgbọ́n téèpù òun kì í purọ́.

Ọjọ́ tó padà wá, àṣejù tún wọ̀ ọ́. Àwa tí a sẹ́ kànga wá ń jà du ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ wọn tiẹ̀. Àwọn tí ò ní kànga rárá náà láwọn ní! Ọkùnrin kan mú Bùkọ́lá lọ sẹ́yìn ilé ẹ̀, ó ṣí ìdérí kan fún un tayọ̀tayọ̀. Kò dé ìṣẹ́jú kan tí gbogbo wa fi di imú mú. Sọ́kàwéè ni! Bùkọ́lá ní ẹ ṣeun sà, ẹ bá wa dé e.

Téèpù tó gbé wá gùn, irin wà lẹ́nu ẹ̀. Bó bá ti kan omi nísàlẹ̀, á dún “píì”. Nígbà tó dún nínú kànga wa, ẹnu yà mí bí omi náà ṣe sún mọ́ òkè tó. Wọ́n tún gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wá, èyí tí wọ́n fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe ga sí níbi kọ̀ọ̀kan. Bùkọ́lá ní tòun bá fẹ́ mọ apá ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń ṣàn sí, ó kéré tán, òun nílò kànga mẹ́ta tí kò wà lórí ìlà kan: ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tiwa wà láàárín. Ti ṣọ́ọ̀ṣì wà nísàlẹ̀, lápá kejì títì. Ti òkè ńkọ́? Kò sí. Ilé Alága ló sún mọ́ ilẹ̀ oníyanrìn jù, Alága sì ní àwọn ò ní kànga rí.

Wọ́n ti búra tán kí ìyàwó wọn tó jáde. Ìyá yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n kàn mú Bùkọ́lá lọ́wọ́ wọ pálọ̀, wọ́n sún tábìlì àárín sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ìdérí kọnkéré rèé o! Nígbà tí Alága ń fẹ ilé sí i láyé ọjọ́un, wọ́n kọ́ pálọ̀ lé kànga lórí, ojú sì tì wọ́n láti jẹ́wọ́ ẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ? Gbogbo ìpàdé tí a ti ń ṣe láti ọdún mélòó kan wá, orí kànga la ti ń ṣe é. Títí kan èyí tí a ti pinnu pé kànga kò sí!

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Alága náà bú sẹ́rìn-ín nígbà tó yá. Wọ́n ní kí a jọ̀wọ́ rọra gbé kọnkéré náà, kó má fọ́ táìsì àwọn.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò tán, Bùkọ́lá wá jókòó sí àgbàlá wa láti ṣàlàyé fún Màmá. Ó ní kí n wá abọ́ ńlá kan, ó bu yanrìn kún un, ó fi igi gbé apá kan ẹ̀ sókè díẹ̀, ó bomi sí i títí yanrìn náà fi mu omi yó. Ó ní bí abẹ́ ilẹ̀ wa ṣe rí nìyí. Omi ò dá wà bí odò nísàlẹ̀, àárín hóró yanrìn ló wà, ó sì ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ó fi ìka lu ihò kékeré mẹ́ta sí i, ó ní kànga Alága nìyí, tiyín nìyí, ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyí. Ó ní níbòmíràn, amọ̀ máa ń wà lórí irú yanrìn báyìí bí ìdérí, tí ìdọ̀tí ò fi ní tètè wọlé. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ oníyanrìn, wọ́n ti wa amọ̀ náà kúrò pátápátá nígbà tí wọ́n ń wá yanrìn.

Ó wá béèrè bóyá a ní sóbò, ohun mímu pupa yẹn. Mo gbé e wá. Ó dà á síbi tó ga nínú abọ́ náà, ó ní ká máa wò ó.

A jókòó tì í. Kò yára. Màmá ò mójú kúrò lára abọ́ náà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, omi inú ihò Alága pọ́n. Nígbà tó tún ṣe, tiwa náà pọ́n.

Màmá ní, “Ṣé omi tí mò ń mu nìyẹn?”

Bùkọ́lá ní rárá mà, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ó ní bó ṣe máa rí nìyẹn bí wọ́n bá kó ìdọ̀tí sí òkè lọ́hùn-ún, bó ṣe ọdún mélòó kan sí i. Màmá na ọwọ́, wọ́n gbá ọwọ́ mi mú, èmi tí mo pè wọ́n ní adití. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí lọ́jọ́ náà, ojú Bùkọ́lá ni mo wò tí mo fi pa á mọ́ra.

Wọ́n tún pè wá sí gbọ̀ngàn. Ọ̀gá náà ka ìwé tuntun. Ó ní kànga wà, àwọn èèyàn ń mu omi inú ẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ sì ń ti ilẹ̀ oníyanrìn wá sọ́dọ̀ wọn, amọ̀ kò sì sí tó máa dá ìdọ̀tí dúró. Nítorí náà, wọ́n ti yọ ilẹ̀ náà kúrò lára ibi tí wọ́n ń wò. Ariwo ayọ̀ sọ! Alága gba máìkì, wọ́n kéde ẹ̀ bíi ti pápákọ̀. Ọ̀gá náà fi kún un pé omi kànga wa náà kò kọjá àbójútó, ká máa sè é kí àgbàlagbà tó mu ún. Màmá ní àwọn gbọ́.

Bí èèyàn ṣe ń tú ká, Bùkọ́lá pè mí síbi tábìlì. Ó ṣí fáìlì kan, ó fi ìwé kan hàn mí. Ìwé àkọ́kọ́ ni, èyí tó kọ lọ́wọ́ ní àgbàlá wa. Kànga: kò sí. Bóhóòlù: kò sí. Ibi tí omi ti ń wá: mẹ́rúwà. Nísàlẹ̀ ẹ̀, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ “Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ” sí, mo rí sáìn kan tó lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Tèmi ni. Mo ti gbàgbé pé mo fọwọ́ sí nǹkan kan! Mo ti ń bá àkìtàn jà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọwọ́ tèmi ló sì wà lórí ìwé tó fẹ́ gbé e wá.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fà á ya. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní a kì í fa ìwé ya nínú fáìlì mà, ti àkọ́kọ́ àti ti kejì ló máa jọ wà níbẹ̀ títí. Mo wá ní kó yá mi ní bíírò. Mo tẹ̀ síwájú, mo kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ara mi pé: “Irọ́ ni mo pa níbí. Ẹ wo ìwé kejì.” Mo sì tún sáìn.

Ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tàbí omi yín, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó dáhùn. Ohun tí ẹ bá sì sọ pé ẹ ò ní, kò sẹ́ni tó máa bá yín dáàbò bò ó.

Ó yá, ẹ̀yin náà, kí lẹ ti sẹ́ rí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà á. Mo ti jẹ́wọ́ tèmi, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ló kúnlẹ̀!